Èsì: Iṣẹ́ ìmọ̀ràn owó fún àwọn obìnrin Ìkòròdú

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, kí o máa gba àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ nímọ̀ràn lórí owó, pé ṣé wọ́n á sanwó. Wọ́n á san, àmọ́ kò ní yá. Obìnrin tó ń dá àjọ ní Sábó mọ owó í tọ́jú. Ohun tí kò ní ni ẹni tó lè tú àpò rẹ̀ palẹ̀ fún láìjẹ́ pé ọkọ tàbí àna gbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà.

Sọ fún wọn nípa bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí ará ìlú ń yá ìjọba kí ó lè fi èlé san án padà: ₦5,000 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Owó ìfẹ̀yìntì tún wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, láti 2019.

Má gba owó ẹnikẹ́ni sọ́wọ́ o! Alájọ ló ń gbowó. Àti pé o gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, kí o tó máa gba owó ìmọ̀ràn lórí ìdókòwò. Má tíì kúrò ní báńkì. Owó oṣù ibẹ̀ ni kí o fi ṣe ìdánwò CIS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò.