Páásíwọ́ọ̀dù détábéèsì tó wà nínú fáìlì config

Òkun o, àbúrò. O ní ṣé kó o encrypt (ìyẹn kó o yí i padà kó má ṣeé kà láìsí kọ́kọ́rọ́) páásíwọ́ọ̀dù détábéèsì tó wà nínú config.php, fáìlì ètò portal (ìkànnì) ilé ìwé tó ò ń ṣe ní Ìsánlú. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú wa rí ní Kàbà ná.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa gbéṣẹ́ fún ọ̀gá kọ̀ǹpútà kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ẹ́ńjíníà. Nígbà tó ń tún nǹkan ṣe, ó ṣe ẹ̀dà config.php, ó sọ ọ́ ní config.php.bak, ó fi í sílẹ̀ nínú public_html, fódà tí gbogbo ayé lè dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbowó ẹ̀ ó sì lọ. Fáìlì .php, sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí ẹ̀) máa ń rọ́ọ̀nù ẹ̀ ni, kì í fi inú ẹ̀ hàn, àmọ́ .bak yẹn, ńṣe ló ń gbé e fún ẹni tó bá ṣáà ti béèrè. Ẹnì kan kà á, pọ́ọ̀tù 3306, ẹnu ọ̀nà détábéèsì MySQL, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, yúsà tí ẹ́ńjíníà yìí sì lò ni root, ẹni tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, àní root! Gbogbo téébù owó ìfipamọ́ ló pa rẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta gààrí jókòó síwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀, káàdì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń sunkún. Àwọn tó gbà wá sórí sáfà ní kò kàn wọ́n, ẹ́ńjíníà ní ká san owó míì kóun tó wò ó. Ìwé lẹ́jà àtijọ́ tí akápò kọ̀ láti jù nù la fi tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjà lójoojúmọ́, ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ jà. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, wá .bak, .old àti .zip nínú public_html lónìí, pa wọ́n rẹ́. Gbé config jáde kúrò níbẹ̀, chmod 600, kó jẹ́ ẹni tó ni fáìlì nìkan ló lè kà á tàbí kọ ọ́, ìyẹn ò le. Dá yúsà míì sílẹ̀ fún portal, àṣẹ SELECT, INSERT àti UPDATE (kíkà, fífi kún àti títún ṣe) ti tó o, bind-address détábéèsì kó jẹ́ 127.0.0.1, kó má gba ẹnikẹ́ni láti ìta sáfà. Tí config bá sì ti wọ Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe kóòdù) rí, .gitignore (fáìlì tó ń sọ ohun tí Git ò ní mú) ò lè gbà ọ́, ó ṣì wà nínú history, àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe àtẹ̀yìnwá, páásíwọ́ọ̀dù yẹn ni kó o pààrọ̀. Má sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé lórí WhatsApp o, wọn ò ní yéé béèrè.

Ti encrypt tó o bi mí: portal gbọ́dọ̀ rí kọ́kọ́rọ́ tó máa fi ṣí i, tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wà lórí sáfà kan náà, ẹni tó bá wọlé ti rí méjèèjì. Ìgbà tí fáìlì nìkan bá jáde ló ń gbani, bíi nínú backup (ẹ̀dà ìpamọ́). Ṣe é tó bá wù ẹ́, àmọ́ ṣe àwọn tó kù ná.