Awò Ọlọ́nà-Jíjìn fún Ọdẹ Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọdẹ ni mí, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo sì sábà máa ń wọ igbó. Mo fẹ́ ra awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Mo rí kékeré kan tí wọ́n kọ 10x25 sí lára, mo rí 8x42, mo sì rí ẹ̀kẹta tí a lè yí láti ìlọ́po 10 dé 30. Iye kan náà ni wọ́n ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ mú 8x42. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ iye ìlọ́po tí awò fi ń sún nǹkan mọ́ ojú, ìkejì sì ń sọ bí dígí iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Bí ẹ bá fi àkọ́kọ́ pín ìkejì, ẹ ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú awò bọ́ sójú yín ṣe fẹ̀ tó: ti 8x42 lé díẹ̀ ní mìlímítà 5, ti 10x25 kò ju 2.5 lọ. Lọ́sàn-án gangan, ọmọlójú a máa súnkì, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dán wọn wò níwájú ọlọ́jà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọmọlójú á ti là kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ sí i, ìwọ̀nba tí awò kékeré yẹn ń fún un kò sì ní tó o. Níbi tí 8x42 ti ń fi etí ẹran hàn yín láàárín ewé, òjìji lásán ni ẹ ó máa rí nínú 10x25.

Ní ti ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Bí awò ṣe ń sọ ẹran di ńlá náà ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán di ìlọ́po 30 mú kí ó dúró jẹ́ẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ na awò náà síwájú ní gígùn apá, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe sí oòrùn láéláé, kí ẹ sì wo àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà nínú dígí ẹ̀yìn. Bí ó bá rí roboto, prism inú rẹ̀, ìyẹn dígí onígun tó ń darí ìmọ́lẹ̀ nínú awò, dára; bí etí rẹ̀ bá ṣú, tí ó fẹ́ ní igun mẹ́rin, dígí tó rẹlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wo òpó kan tó jìnnà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí òpó náà bá di méjì, tàbí tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, ẹ dá a padà.

Ní ìwọ̀n owó kékeré, èyí tí ara rẹ̀ wọ́, tí dígí iwájú rẹ̀ jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ, sábà máa ń ríran ju èyí tó gùn gbọọrọ lọ, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe dáadáa. Ó tóbi díẹ̀ lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ìbá fara mọ́ ọn.

Ohun kan ṣì wà tí n kò lè fi sílẹ̀: bí ìbọn yín bá ní awò lórí, ẹ má ṣe fi í wo ohun tó ń mì nínú igbó, nítorí pé ibi tí ẹ bá wò ni ẹnu ìbọn kọ sí, ó sì lè jẹ́ ènìyàn.