Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Kànga wa ń rùn bí epo, epo fúnra ẹ̀ tún wọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fáwọn onígààrí ni mo ní níbí, bẹntiróòlù ló ń mu. Ṣebí Mosimi, ibi tí ìjọba ń kó epo pa mọ́ sí, wà ní Ṣágámù, wọ́n sì ní ilé ìfọpo Dangote ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, kí ló dé tí epo ṣì wọ́n lọ́dọ̀ wa báyìí? Èkejì, ó ti tó oṣù méjì tí kànga ilé wa ti ń rùn bí epo, ilé epo kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Tí mo bá se omi ẹ̀, ṣé ó ṣeé mu? (Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jẹ́ n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kànga yẹn ò gba ìfàfalẹ̀ rárá. Ẹ má mu ún, ẹ má sì sè é. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa ń léfòó sí, tẹ́ ẹ bá gbé e kaná ooru ẹ̀ á kún ilé ìdáná, ó lè gbiná, bí kò bá tiẹ̀ gbiná ẹ̀yin lẹ máa fà á símú. Nǹkan kan wà nínú bẹntiróòlù tó ń jẹ́ benzene, ó máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ lára èèyàn. Ẹ fa omi díẹ̀ sínú abọ́ funfun kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó ń dán bí òṣùmàrè lójú omi náà, epo ni. Tẹ́ ò bá sì rí i, òórùn yẹn nìkan ti tó. Ẹ dé kànga náà, kí ẹnikẹ́ni má mú iná súnmọ́ ọn.

Inú ilẹ̀ ni táǹkì ilé epo máa ń wà, tírin ẹ̀ bá ti dípẹtà tó ń jò, ojú ò ní í rí i, kànga ló máa kọ́kọ́ sọ fúnni. Ní Bárúwà, lápá Ìpájà l'Ékòó, páìpù epo ló jò, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará ibẹ̀ fi ń fa omi tó ń rùn. Torí náà ẹ̀yin àtàwọn ará àdúgbò ẹ jọ kọ̀wé sí NOSDRA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2006 fún ọ̀rọ̀ epo tó bá dà sílẹ̀.

Ó wá ku owó epo. Epo ò hù ní Mosimi o, páìpù ni wọ́n ṣe láti máa gbé e wá láti Atlas Cove, èbúté táwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já epo l'Ékòó, láti Mosimi náà ni páìpù ti lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Àwọn olè ti lu páìpù yẹn jálujàra. Ní Arépo tó wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n pa òṣìṣẹ́ NNPC tó lọ tún un ṣe ní 2012. Ìyẹn ló sọ gbogbo ẹ̀ di orí táyà, táńkà kan ń gbé bíi 33,000 lítà, ó ń jó dísù lọ, ó tún ń jó o bọ̀ lófìfo, owó awakọ̀, owó táyà, owó ojú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú lítà tẹ́ ẹ̀ ń rà. Tẹ́lẹ̀, láti 1975, ìjọba ní àpò kan tó ń san owó ìkẹ́rù kí iye epo lè bára mu káàkiri. Ní May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo, epo tí ò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ti Dangote náà, bí epo rọ̀bì àti dọ́là bá ṣe ń lọ ní ọjà àgbáyé ni wọ́n ń tẹ̀lé, kì í ṣe bó ṣe súnmọ́ wa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìpalára tí a ò kọ mọ́ iye owó tó wà lójú ẹ̀rọ epo. Mo dúró l'Ógèrè lẹ́bàá márosẹ̀, níbi táwọn táńkà máa ń páàkì sí, lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ dúdú bí èédú, dísù àti ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, awakọ̀ kan tẹ́ ẹní sábẹ́ mọ́tò ẹ̀ ó ń sùn, ọ̀dà títì ti rì síbi táyà dúró sí. Wọ́n ti ní kí táńkà tó ju 60,000 lítà má gbé epo mọ́ láti March 2025, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ páìpù tó dá ṣáṣá ni mo fẹ́.

Ìyá wa, ẹ kọ̀wé sí wa padà tí wọ́n bá ti wá wo táǹkì ilé epo yẹn. Omi òjò tàbí omi tẹ́ ẹ rà lẹ máa lò títí dìgbà yẹn, àti fún ìwẹ̀ àwọn ọmọ pàápàá.