Iná dáṣíbọ́ọ̀dù Hilux mi ń tàn, àmọ́ ẹ́ńjìnì ò yí rárá tí mo bá ṣíná. Kí ló fà á?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bátìrì tuntun. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa wo iná náà. Tó bá ṣú, tí ẹ sì ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, iná ò tó dé ibi tó yẹ. Ó lè jẹ́ pé bátìrì ti rọ, ó sì lè jẹ́ orí rẹ̀ ló dípẹtà. Èyí kejì yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn náwó dànù! Ẹ tú orí méjèèjì (èyí tó ní àmì − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú), ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á mọ́, kí ẹ dè é le. Ẹ wo wáyà áàsì náà, ìyẹn èyí tó ti orí − bátìrì lọ sára ẹ́ńjìnì.

Lórí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, bátìrì tó kún máa ń ka nǹkan bíi fóòtì 12.6 tí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa. Tó bá já sábẹ́ 9.6 bí ẹ ṣe ń ṣíná, kò lágbára mọ́.

Tí iná iwájú ò bá ṣú, tó kàn dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíkísítátà (ohun tó ń yí ẹ́ńjìnì tí ẹ bá ṣíná) ni kí ẹ fura sí. Tí kò bá dún rárá, ẹ yẹ fíúùsì àti rílé (súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún kíkísítátà) wò, àti súwíìṣì ìdí kílọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ gbé gíà sí N, kí ẹ tún un ṣí.