Ẹ̀jẹ̀ eré tó ń dà bíi zóbò nínú kámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tí ẹ pò fún ibi tí wọ́n ti ṣá bàbá kan ládàá nínú eré yín dáa lójú, àfi ìgbà tó dé inú kámẹ́rà ló wá dà bíi zóbò. Omi àti àwọ̀ pupa nìkan lẹ lò, ìyẹn ló fà á. Ojú kì í ríran gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ máa ń la omi aláwọ̀ já.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe méékọ́ọ̀pù fún eré. Ife ṣúgà méjì sí ife omi kan ni mo máa ń sè. Tó bá yòrò tó sì tutù, mo máa ń da àwọ̀ pupa táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò sí i. Kòkó ló kàn. Kòkó lílọ̀ gidi ni mò ń wí o, kì í ṣe Milo, torí mílíìkì inú ìyẹn á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po ṣíbí kékeré kan lọ́tọ̀, kó má bàa ṣù, kí ẹ tó dà á mọ́ omi ṣúgà náà. Ẹ wá fi ẹnu igi ìtayín tọ́ àwọ̀ búlúù bíńtín sí i. Ẹ kán an sórí abọ́ funfun, kí ẹ gbé abọ́ náà dagun: tí etí ibi tó ń ṣàn bá ṣì ń ṣe píńkì, kòkó rẹ̀ ò tíì tó.

Ọ̀pọ̀ ìlànà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣú jù kì í hàn lára wa, pàápàá lóru. Ó máa ń dùn mí tí òṣèré bá ń jẹ̀rora gidi, tí ẹni tó ń wò ó ò sì rí ọgbẹ́ kankan. Ẹ dín kòkó kù, kí ẹ jẹ́ kó ki, torí dídán rẹ̀ ni kámẹ́rà máa mú. Èyí tó ti gbẹ ló yẹ kó ṣú.

Tó bá jẹ́ ti aṣọ, ẹ kán ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ sí i, á rọrùn láti fọ̀. Síbẹ̀, ẹ má fọkàn tán an lórí léèsì funfun. Ẹ ra aṣọ méjì tó bára mu. Èyí tó bá ti ní ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu tàbí ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti rí òṣèré tí wọ́n da irú ẹ̀ sí lẹ́nu, ṣe ló ń bì títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi dúró. Ti ẹnu gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ìgò náà gàdàgbà, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi òṣèré bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹni tó ní kí ẹ lọ bu ẹ̀jẹ̀ màlúù ní odò ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ó máa ń dì, kì í pẹ́ rùn, ó sì lè kó àìsàn ran èèyàn.

Irú iná wo lẹ fẹ́ lò? Tó bá jẹ́ gílóòbù tó ń pọ́n bí ọsàn, pupa yẹn á tún yí padà, ẹ sì máa nílò búlúù díẹ̀ sí i.