Èsì: Okùn E gìtá béèsì tó ń kùn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé

Ẹ má tíì gbé saddle (irin kékeré tí okùn jókòó lé ní ìdí gìtá) sókè o. Bó bá jẹ́ fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kìíní sí ìkarùn-ún nìkan ni béèsì yín ti ń kùn bí ẹ ṣe wí, ọrùn ló ni ẹjọ́. Ọyẹ́ ti fa omi inú igi rẹ̀, ó wá tọ́ tààrà jù, okùn ò ráyè gbọ̀n.

Ẹ tún okùn ṣe kó bọ́ sí ohùn. Ẹ tẹ E ní fret kìíní, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti so mọ́ ara gìtá, kí ẹ wá wo orí fret keje. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà níbẹ̀, bíi 0.3 mm. Bí okùn bá lẹ̀ mọ́ fret, ẹ tú truss rod (irin gígùn inú ọrùn tó ń dá a dúró) bí ẹni ń tú bóòtù, ìdá kan nínú mẹ́rin àyípo péré. Ẹ tún ohùn ṣe, ẹ tún wò ó. Allen key (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú u) tí kò bá wọ̀ ọ́ dáadáa á jẹ ẹnu rẹ̀, owó ńlá nìyẹn.

Kíkùn tó bá wà lókè fret kejìlá ni ti saddle. Èyí tí kò sì jáde nínú amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè), èmi kì í dá a lóhùn.

Tí òjò bá dé, tí okùn ga sókè, ẹ fún truss rod le padà.