Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ ọmọ kẹ́ ẹ tó bi AI

Mummy, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ọmọkùnrin yín ti pé ọdún 2 àti oṣù 3, kò gbà kó jókòó sórí póò, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń sá lọ láti yàgbẹ́ sí pámpáàsì, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ jẹ́ kí AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, bá yín ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ ọ. Ohun tójú èmi náà rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́dún tó kọjá níbí n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbági ni mo ti ń ta aṣọ. Ibi tí wọ́n ń bá mi tọ́jú ọmọ ní àwọn ò ní gbé e sí kíláàsì tó kàn tó bá ṣì ń wọ pámpáàsì, owó pámpáàsì ọ̀hún gan-an sì ti wọ̀ mí lọ́rùn, ni mo bá ṣí AI lórí fóònù, mo ní kó kọ bí màá ṣe kọ́ ọmọ mi ní póò láàárín ọjọ́ 3. Kíá ló kọ ọ́. Bọ́ pámpáàsì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbé e jókòó ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, fún un ní sítíkà tó bá ṣe é, ó dára lójú gan-an. Kò bi mí pé irú ilé wo là ń gbé. Ojúlé mẹ́fà la jọ ń lo ṣálángá kan lẹ́yìnkùlé, kànga la ti ń fa omi, gbogbo pátá tọ́mọ bá tọ̀ sí, èmi ni màá pọnmi tí màá fi fọ̀ ọ́.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù láti Friday dé Sunday. Ìtọ̀ nìkan la rí. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń fi ẹsẹ̀ lọ́ra wọn, ó ń na ìka ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ ń pọ́n, mo rò pé ó ń gbìyànjú láti yà á ni, àṣé ó ń há a mọ́ra ni o. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo ń rí nǹkan olómi díẹ̀díẹ̀ nínú pátá ẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn. Mo nà án lẹ́sẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ohun tí mo wá bi AI nìyí, mo rántí ẹ̀ dáadáa: báwo ni mo ṣe máa mú kí ọmọ tó ya alágídí yéé fi ìgbẹ́ sára. Ó dá mi lóhùn lórí agídí. Ó ní kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, kí n gba ohun ìṣeré tó fẹ́ràn lọ́wọ́ ẹ̀ títí á fi jókòó. Mo sì ṣe é.

Ìyá mi ló wá láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kẹfà. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìgbà wo lọmọ yìí yàgbẹ́ gidi kẹ́yìn, báwo ló sì ṣe rí?" Mi ò mọ̀. Èmi ìyá ẹ̀, mi ò mọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ nísàlẹ̀, ó le, wọ́n ní ọmọ yìí ò ṣagídí o, ìdí ló ń dùn ún.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún ṣí AI kan náà, mo ro gbogbo ẹ̀: ọjọ́ mélòó ni kò yàgbẹ́, wàrà bíi kọ́ọ̀pù mẹ́rin ló ń mu lóòjọ́, ó ń fẹsẹ̀ lọ́ra, nǹkan olómi wà nínú pátá. Ó ní ó jọ àìrígbẹ́yà, pé ìgbẹ́ líle lè dí ọ̀nà kí èyí tó rọ̀ máa yọ́ jò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí n gbé e lọ bá dókítà. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tá a débẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun tẹ́ ẹ bá bi í ló máa dá lóhùn. Tẹ́ ẹ bá pè é ní agídí, á bá yín wá ìwòsàn agídí.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa, Ọlọ́run bá mi bùkún wọn, ṣàlàyé pé tí ìgbẹ́ líle bá ti dun ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á bà á, á há a mọ́nú, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń gbẹ sí i, ìgbà tó bá máa jáde á tún wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n dá pámpáàsì padà, kí n gbàgbé póò ná, kí n dín wàrà kù, kí n fún un lómi, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ẹ̀wà. Dókítà kọ oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ará ilé wa kan ti ní kí n ki ọṣẹ sí i nídìí, nọ́ọ̀sì ní kí n má dán an wò láé. Ìwọ̀n oògùn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ AI. Mo bi í lóru ọjọ́ kan, ó sọ iye ṣíbí fún mi láì béèrè bí ọmọ ṣe wúwo tó, mi ò sì lò ó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó máa yà á láìsunkún. Ẹ̀yìn ìyẹn la tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá ti jẹun àárọ̀ tán, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i a jókòó, torí oúnjẹ tó wọnú ló ń ti ìfun jí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, tí ò bá ṣe é a dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kí orúnkún ga díẹ̀, ibi tẹ́sẹ̀ bá ti ń fì, ọmọ ò ní lè ti ìgbẹ́ dáadáa. Àwọn ìyá wa tó ń na ẹsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń gbé ọmọ lé e mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo ní kí AI kọ orin póò fún wa ní Yorùbá, ohùn ẹ̀ ò lọ geere, màmá kàn ń ṣe "ṣíì ṣíì" fún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí AI ti wúlò fún mi gan-an nìyí: mo ń tẹ aago tó mumi, aago tó tọ̀, aago tó yàgbẹ́ sí i fún ọjọ́ márùn-ún, ó wá jẹ́ kí n rí i pé bíi ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ògì ló máa ń tọ̀. Ó tún bá mi kọ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan náà tá a ń sọ nílé ni kí wọ́n máa sọ, kí wọ́n má kígbe mọ́ ọn. Mo sì máa ń sọ fún un kó bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá ná kó tó gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má fi fọ́tò ìhòòhò ọmọ ránṣẹ́ sí i o, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi ṣàlàyé. Ti òru, ó ṣì ń wọ pámpáàsì sùn, mi ò yọ ara mi lẹ́nu, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń tó ọdún 5 kó tó kúrò lára wọn.

Nítorí náà, Mummy, lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ rántí ọjọ́ tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, ṣé ó le bíi kóró èso ni àbí ó rọ̀, ṣé ó sunkún, kọ́ọ̀pù wàrà mélòó ló ń mu. Ẹ kọ ọ́ fún mi. Ìwé tá a kọ fún àwọn olùtọ́jú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín.